Ẹni Tó Ń Dáhùn Láti Ìgèdè

Olùkọ́ kan fọwọ́ ti ògiri kí èémí rẹ̀ lè délẹ̀, ó wá kan ilẹ̀kùn. Láti Adó ló ti wá sí Ìgèdè kó lè fojú kan Ìyá Monínúọlá, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀, èyí tí dókítà pàápàá ò rí rí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń kọ̀wé síra lórí fóònù. Ohun tí Ìyá Monínúọlá máa ń kọ sí i ni pé, "Èmi rèé láàyè. Ìwọ náà ò ní kú."

Monínúọlá ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó gbọ́ orúkọ àlejò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Oṣù méjì rèé tí màmá mi ti kú. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń dá yín lóhùn."

Olùkọ́ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Ṣé wàá ṣì dá mi lóhùn lọ́la?"