Ìka Méjì Lórí Tábìlì Kan

Láàárọ̀ yìí náà, Bàbá Àríyìíkẹ́ ká ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì àkọ́kọ́ girama, bíi gbogbo òbí tí òfin dá padà sílé ìwé. Tábìlì náà kì í gba ìdáhùn àfi tí ìka òbí àti ọmọ bá tẹ ohun kan náà.

“Oòrùn àti ayé, èwo ló ń yí èkejì po?” Tíṣà bi wọ́n.

“Oòrùn ni! Ṣebí orí oko mi ló ń gbà kọjá lójoojúmọ́.” Bàbá tẹ oòrùn.

Àríyìíkẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun náà tẹ oòrùn. Tábìlì tan iná pupa.

“O mọ̀ ọ́n, àbí?” Bàbá bi í.

“Ẹ má bínú, sà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ẹ ṣì í?”

Nígbà tó kan ìṣirò, bàbá na ìka, kò tẹ nǹkan kan.

“Ìyá mi,” ó ní, “ibo ni ká tẹ̀?”