Máàpù Ọ̀nà Àpòmù

Afọláyan yọ orúkọ Olúwapẹ̀lúmi kúrò lára máàpù náà, ó sì kọ tirẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́tàdínlógún ni Olúwapẹ̀lúmi fi yà á. Tíṣà ni ní Ìkirè, iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kó ráyè láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Bí wọ́n bá ti parí ìsìn ní Áńgílíkà, á bọ́ gèlè, á pààrọ̀ bàtà, á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́nà Àpòmù pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Gbogbo ibi tí omi ń gbà, gbogbo ààtàn, gbogbo igi tó ṣẹ́ kù láàárín ilé ló sàmì sí. Òun àti Afọláyan jọ wà nínú ẹgbẹ́ tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ rìn káàkiri ìlú ni. Ó gbé máàpù náà fún Afọláyan pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tó máa tún fojú kàn án, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé láti Ìbàdàn, Afọláyan ló ṣíwájú. Olúwapẹ̀lúmi ń pín omi lẹ́yìn. Ìyáàfin Akíndèjì, alága ẹgbẹ́, bá wọn lọ, torí ọjọ́ náà ló fẹ́ yan ẹni tí yóò máa darí ìrìn náà. Lẹ́tà ẹ̀sùn olójú ewé mẹ́ta wà nínú àpò Olúwapẹ̀lúmi.

Mùkáílà tó wa bọ́ọ̀sì wọn ń jẹ dòdò. "Tíṣà, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ṣebí ẹ lè ya òmíì."

"Mi ò wá ipò, Mùkáílà. Kí wọ́n ṣáà mọ ẹni tó yà á."

"Ẹ̀yin náà le o. Ẹ gba dòdò."

Afọláyan mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Nídìí gọ́tà, ó ní òun fẹsẹ̀ òun rìn ín. Nídìí ààtàn, ó tún un sọ. Ìyáàfin ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Àpòmù, wọ́n kan odò kékeré kan.

"Omi tó mọ́ jù láàárín ìlú méjèèjì nìyí," ni Afọláyan wí, ojú rẹ̀ ò kúrò níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára máàpù. "Mo sábà máa ń fi bọ́jú." Ó bẹ̀rẹ̀, ó bù ú, ó fi bọ́jú.

Òórùn omi náà ti kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímú kí òun tó mọ̀. Omi náà funfun bí ògì.

Obìnrin kan, Sàlámọ̀tù, yọjú láti ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ lókè odò. "Bọ̀dá, omi ẹ̀gẹ́ wa lẹ fi ń bọ́jú yẹn o. Sáńdè nìkan ló máa ń mọ́. Aládùúrà ni ọ̀gá wa, kì í jẹ́ ká ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Akíndèjì ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ya ìranù yìí? Ilé ìwé mẹ́rìnlá ni mo ti fi ránṣẹ́ sí."

Afọláyan nu ojú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Ẹ má bínú, mà. Olúwapẹ̀lúmi ló yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣe ni mo jí i, mo fi orúkọ mi sí i."

Gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn.

"Pẹ̀lúmi, ṣé ìwọ lo yà á?"

Olúwapẹ̀lúmi fa ṣíìpù àpò rẹ̀ pa mọ́ lẹ́tà náà, ó wo orúkọ tó wà lábẹ́ máàpù, ó sì ní, "Rárá o, mà, iṣẹ́ ọwọ́ Bọ̀dá Afọláyan ni."