Ìbéèrè Ìyá Télọ̀

Ohun tó ń bí Tíṣà nínú jù ni pé Ìyá Télọ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ kan láìjà.

Àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni Tíṣà ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú yàrá kan lókè ilé tí wọ́n ti ń ta bátìrì. Kì í fún wọn ní ìwé. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé olókìkí kan sọ lọ́jọ́ tó gba ẹ̀bùn ńlá lókè òkun ló máa ń gbé sí i fún wọn lórí fóònù rẹ̀. Tó bá ti tẹ gbólóhùn kan, á dá a dúró, wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀lé e, wọ́n á sì kọ èyí tó bá le nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Lóṣù yẹn, ìròyìn dé pé òǹkọ̀wé náà ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n fún kíláàsì náà ní ìjókòó méjì: ọ̀kan fún Tíṣà, ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà jù. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló máa dìde bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè kan, lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Èmi ni mò ń lọ," ni Ìyá Télọ̀ wí.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Onígbàjámọ̀ kan, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọ̀gá Gírámà, bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwa tí eyín wa ṣì pé."

"Eyín pé, ọ̀rọ̀ gidi ò jáde níbẹ̀. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Lọ́jọ́ kìíní, òǹkọ̀wé náà ní inú "penury" ni wọ́n bí òun sí. Tíṣà ní òṣì paraku nìyẹn, òṣì tó wọ ẹni dé eegun. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ní àbùlẹ̀ mẹ́tàlá ló wà lára aṣọ ilé-ìwé rẹ̀.

"Irọ́ ni," ni Ìyá Télọ̀ wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Àbùlẹ̀ mẹ́tàlá lára aṣọ ọmọdé? Ibo ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ gbà sí? Ta ló rán irú ìránkúràn bẹ́ẹ̀?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ ní bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa abẹ, òun náà á jà. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní kí màmá fi ìjà abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ò tiẹ̀ lọ́mọ nílé tó lè kọ́ yín ni?"

"Mo lọ́mọ. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ráyè kọ lẹ́tà lásán, ká má tíì sọ pé á kọ́ mi."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òǹkọ̀wé náà pe ìyá rẹ̀ ní "illiterate." Tíṣà ní ẹni tí kò mọ̀wé kọ tí kò mọ̀ ọ́n kà ni.

"Ní èdè wo?" ni Ìyá Télọ̀ bi í.

"Ní èdè kankan, Màmá! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè tirẹ̀ ló fi kọ ìtumọ̀ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìránṣọ máṣíìnì.

Ọjọ́ tí wọ́n dé ìparí ọ̀rọ̀ náà ló burú jù. Òǹkọ̀wé náà ní òun fi ẹ̀bùn yìí fún ìyá òun, "posthumously." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ títí.

"Ohun tí wọ́n bá ṣe fún ẹni tó ti kú nìyẹn," ni Tíṣà wí.

"Ṣé kò ní ìtumọ̀ mìíràn?"

"Kò ní."

"Ẹ wò ó dáadáa, Tíṣà."

"Ẹni náà ti kú! Ó ti kú pátápátá! Èwo ló ṣòro níbẹ̀?"

Ìyá Télọ̀ tẹ bírò mọ́ ìwé títí bébà fi ya. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò wá. Inú Tíṣà dùn, ó sì yan onígbàjámọ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Télọ̀ wọlé, ó dúró níwájú pátákó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò wo bébà kankan. Bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn sí èèyàn lọ́rùn ló ṣe sọ ọ́. Onígbàjámọ̀ tún gbìyànjú tirẹ̀, ó há sí ìdajì.

"Tíṣà, ẹ fún màmá," ló wí. "Wọn ò ní jẹ́ ká simi."

Tíṣà kọ ìbéèrè kan fún un: ìmọ̀ràn wo ni òǹkọ̀wé ní fún àwọn ọ̀dọ́? Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó bẹ̀ ẹ́. "Màmá, ẹ má bá wọn jà o. Ẹ béèrè, ẹ dúpẹ́, ẹ jókòó." Ìyá Télọ̀ ká bébà náà sínú báàgì.

Òǹkọ̀wé náà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Èrò kún, iná pèpéle sì mọ́lẹ̀ sí i lójú. Nígbà tí àsìkò ìbéèrè tó, Ìyá Télọ̀ dìde, ó gba gbohùngbohùn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara. Ó ní òun ti kọ́ "penury" tí ìyá òǹkọ̀wé fi tọ́ ọ, òun ti kọ́ "illiterate" tí ìyá náà jẹ́, òun sì ti kọ́ "posthumously."

"Ìbéèrè mi ò pọ̀. Ọjọ́ wo ló kú? Kí ló pa á? Ta ló sin ín?"

Inú bí Tíṣà débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó fa aṣọ Ìyá Télọ̀ kó jókòó, kò jókòó. Ẹnì kan lẹ́yìn pòṣé, ó ní kí wọ́n mú màmá yìí jáde.

Òǹkọ̀wé náà fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wo ibi tí ohùn náà ti wá, ó sì fi èdè tí kò sí ẹni tó tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí lórí pèpéle sọ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká délé ná."