Owó Ìsìnkú Bàbá Nathaniel

Kí ikú tó wọ ilé wọn ní Ìdó-Ilé, Bàbá Nathaniel Ògúntóyè ti san owó ìsìnkú ara rẹ̀ tán sọ́dọ̀ àwọn asìnkú kan l'Árámọkọ. Ó yan pósí, ó yan ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ó ní òun ò fẹ́ kí òkú òun di gbèsè sọ́rùn Stephen, ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí. Gbogbo owó kòkó rẹ̀ ló bá a lọ. Kò sí òmíràn nílé.

Lọ́jọ́ Ajé, Fadékẹ́mi, ìyàwó Stephen, wọ ọ́fíìsì àwọn asìnkú náà. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Ó ní owó ìsìnkú Bàbá lòun bá wá.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ni Lydia, akọ̀wé ibẹ̀, wí. "Ẹ̀yìn wọn á dára. Ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ ló yẹ kó wá."

"Kò lè wá, mà." Fadékẹ́mi wolẹ̀. Ó na ìwé ẹ̀rí ikú sí i.

Lydia kà á, ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò lè fi èyí yọ owó Bàbá."

"Ṣé torí aya ulé ni mí, tí n kì í ṣe ọmọ bíbí ni?"

"Kì í ṣe tìyẹn."

"Ìsìnkú ni Bàbá sanwó fún, mà. Ìsìnkú náà la fẹ́ ṣe. Ṣé kí òkú wà níbẹ̀ títí ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe Lydia. Ó pe lọ́yà wọn lórí fóònù, ó jẹ́ kí Fadékẹ́mi gbọ́ ọ. Lọ́yà ní bí Bàbá ṣe fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà ni òfin mọ̀, òun lọ́yà tó kọ ọ́ pàápàá ò lè yí i padà.

Fadékẹ́mi kúnlẹ̀. Lydia gbé e dìde, òun náà ń nujú. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó kù tí Fadékẹ́mi yóò bẹ̀, ó bá jáde.

Nínú ọkọ̀ tó dúró sábẹ́ igi máńgòrò níta, Bàbá Nathaniel, tí wọn ò jẹ́ kó wọlé torí òbí kì í fojú kan pósí ọmọ, sún kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lè ráyè jókòó, ó sì bi í bóyá wọ́n ti gbà kí wọ́n fi owó òun sin Stephen.