Orúkọ Tí Ìyá Fadérera Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lé ìwé kiri. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ní yunifásítì kan tó wà lábẹ́ òkè, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, yóò lọ wò ó. Bí òmíràn kò bá rí oúnjẹ jẹ, ilé Láníhùn ni yóò ti jẹun. Àbùkù kan ló ní: iṣẹ́ yòówù tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ bá ṣe, tó bá di pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ Láníhùn nìkan ni ayé yóò rí. Kò ka èyí sí olè jíjà rárá. Bí ọ̀gá tirẹ̀ ṣe ṣe é fún un nìyẹn, ó sì gbà pé bí ayé àwọn onímọ̀ ṣe rí nìyẹn: ọmọdé a ṣiṣẹ́, àgbà a gba ìyìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn kan nínú yín mọ irú rẹ̀.

Fadérera wà lára àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ yìí. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ó sì lákíkanjú. Òun ló ń gun ọ̀kadà láti oko dé oko, lójò lẹ́ẹ̀rùn, tó ń jókòó ti àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀wà, tó ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí kòkòrò kì í fi í jẹ ẹ́. Òun ló dán ohun tí wọ́n sọ wò, òun náà ló kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ òkèèrè gbà láti tẹ iṣẹ́ náà sínú ìwé wọn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Iṣẹ́ olùkọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, wọn kò sì ní gba ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde lórúkọ ara rẹ̀.

Ìwé dé. Fadérera ṣí i, kò rí orúkọ ara rẹ̀. Láníhùn nìkan ló wà lókè. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣèrànwọ́. Ọmọ náà lọ sẹ́yìn ilé ìkàwé, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ta ni yóò fẹjọ́ sùn? Ẹni tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ náà ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àpò èlùbọ́ kékeré kan, ó wọkọ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ọmọ òun. Fadérera kò mọ bí yóò ṣe dá a dúró. Bí wọ́n ṣe wọ ọ́fíìsì Láníhùn, ìyá kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú ọmọ tiyín náà. Wọ́n ní ìwé ọmọ mi ti jáde."

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ dìde. Ó ti jáde."

"Èmi ò mọ̀wé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí hàn mí, kí n fọwọ́ kàn án, kí n sì súre fún un."

Láníhùn wo Fadérera. Fadérera ń wo ilẹ̀. Ojú ti bàbá láti sọ òtítọ́, ó bá ṣí ìwé náà, ó na ìka sí orúkọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ọkọ́ ti sọ di líle lé e, ó dijú.

"Fadérera ọmọ mi, ohun tó o bá gbìn, ìwọ lo máa ká a. Ẹnikẹ́ni ò ní gba ògo ẹ lọ́wọ́ ẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́, wọn ò ní fo tìẹ."

"Àmín, Màámi," ni Fadérera rọra dáhùn.

Àmín yẹn ni Láníhùn kò lè gbé mì. Omi lé ròrò sí i lójú. "Màmá, ẹ dákun. Orúkọ tèmi lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Ti Fadérera ò sí níbẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ìyá kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó tún fọwọ́ kan ìwé náà. "Ṣé àyè ibẹ̀ ò gba ẹni méjì ni?"

"Ó gbà á, Màmá," ni bàbá wí. "Ó gbà á dáadáa."

Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ̀wé sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà, ó jẹ́wọ́. Wọ́n tún un tẹ̀: Fadérera ṣíwájú, Láníhùn tẹ̀ lé e, Fadérera sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dárúkọ àwọn obìnrin oko tó kọ́ ọ náà, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Láníhùn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó dun Láníhùn jù ni pé kí àtúnṣe náà tó dé, iṣẹ́ olùkọ́ yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó di ọdún kejì kí Fadérera tó rí òmíràn, Láníhùn fúnra rẹ̀ ló sì ń bá a wá a kiri láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé èkejì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìmọ̀ kì í ti orí ẹnì kan ṣoṣo jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń yan ẹni tí ayé máa rí. Lọ́la, ẹ̀yin náà máa di ọ̀gá. Ẹ má fi ipò jẹ iṣẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ yín, ẹ má sì dúró di ìgbà tí ẹkún bá dé kí ẹ tó ṣe ohun tó tọ́, nítorí àtúnṣe a máa pẹ́ dé nígbà mìíràn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.