Òdo Àgọ́-Ọ̀pẹ

Oṣù keje ni Ọmọ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Kàbà, ẹgbẹ́ tó ń pín oògùn ibà fún abúlé mọ́kànlélógún. Iṣẹ́ náà kò le. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn nọ́ọ̀sì abúlé á fi iye àwọn tí ibà pa ránṣẹ́ sórí fóònù ọ́fíìsì, òun á sì kọ ọ́ sára pátákó ńlá tó wà lára ògiri.

"Èyí tí kò bá ránṣẹ́ ńkọ́, sà?" ló béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Kò ní òkú tí yóò kà nìyẹn," ni Andrew, ọ̀gá rẹ̀, wí. "Kọ òdo sí i. Àwọn tó ń fún wa lówó kì í fẹ́ rí àyè tó ṣófo."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú rẹ̀ fi dúró sórí ìlà kan. Àgọ́-Ọ̀pẹ ni, abúlé kan ní ìhà Bùnù. Ní ọdún tó kọjá, kò sí ibi tí ibà ti pààyàn tó ibẹ̀: ẹni mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìnlá nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, ẹni mẹ́ta. Láti oṣù karùn-ún, òdo. Òjò bẹ̀rẹ̀, òdo. Òjò wá le, àwọn abúlé yòókù ń ka méjì, wọ́n ń ka mẹ́rin, Àgọ́-Ọ̀pẹ, òdo.

Ọmọ́ṣọlá mọ iyì irú òdo bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò rẹ̀ nígbà tí ibà mú un lóko àwọn òbí wọn lẹ́bàá Mọpà. Ìyá wọn pọ̀n ọ́n rin wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó máa fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ọrùn ọmọ náà ti rọ.

Ó tú àwọn ọ̀rọ̀ tí Elizabeth, nọ́ọ̀sì Àgọ́-Ọ̀pẹ, ti fi ránṣẹ́ rí. Obìnrin náà kì í kọ iye lásán. "Ọmọ ọdún méjì. Ọjọ́ karùn-ún ibà ni wọ́n tó gbé e dé." "Ọmọ oṣù mẹ́jọ. Odò kún, wọn kò rí i sọdá." "Aboyún, oyún àkọ́kọ́. Àgbo ni wọ́n ń fún un mu láti ọjọ́ Àìkú." Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti ìparí oṣù kẹrin: "Oògùn tó kù kò ju ti ènìyàn méjì lọ. Ènìyàn mẹ́rin ló nílò rẹ̀ níbí."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣàròyé mọ́.

Ọmọ́ṣọlá pè é lórí fóònù. Kò wọlé.

"Kò lè wọlé," ni Andrew wí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí àpáta ló máa ń gùn kó tó lè ránṣẹ́ sí wa."

Ní oṣù kẹjọ, oògùn dé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sì tó. Ọmọ́ṣọlá fúnra rẹ̀ ló dábàá pé kí wọ́n kó ìpín Àgọ́-Ọ̀pẹ fún àwọn abúlé tí ikú ṣì wà. "Àwọn yẹn kò nílò rẹ̀ mọ́, sà." Andrew yìn ín níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Wọ́n yọ páálí mẹ́fà.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé tí òdo náà kò yí padà, wọ́n tẹ ìwé ẹ̀yẹ, wọ́n fi férémù sí i. Wọ́n ní kí Ọmọ́ṣọlá gbé e lọ, kó sì bẹ nọ́ọ̀sì náà kó wá sí Kàbà wá kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n tó ń dá.

Ayọ̀wálé, awakọ̀ ọ́fíìsì, ló wà á lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ti mọ́tò nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ Àgọ́-Ọ̀pẹ, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sí ọmọ tó sá tẹ̀ lé mọ́tò. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ọmọ́ṣọlá rí ebè kéékèèké mélòó kan tí koríko kò tíì hù lórí wọn, ó sì rò ó pé ànàmọ́ ni wọ́n fẹ́ gbìn.

Joseph, ọkọ nọ́ọ̀sì náà, jáde sí wọn. Àgbẹ̀ ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún.

"Okun o, ẹ̀yin àlejò," ló fi kí wọn.

"Okun, bàbá," ni Ọmọ́ṣọlá dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Láti Kàbà la ti wá. Nọ́ọ̀sì la wá kí."

"Ẹ jókòó ná." Ó gbé àga sílẹ̀, ó bu omi fún wọn.

Ọmọ́ṣọlá kò lè dúró. Ó tú férémù náà. "Ẹ kú oríire, sà. Láti oṣù karùn-ún, ibà kò pa ẹyọ ẹnì kan ní Àgọ́-Ọ̀pẹ. Nínú gbogbo abúlé wa, ibí nìkan ni."

Joseph gbà á. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ó wà lára pátákó wa, sà."

Ayọ̀wálé gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀ láìmu ún.

"Àbúrò mi kan kú ikú yìí," ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Ká ní irú nọ́ọ̀sì yín wà lágbègbè wa nígbà náà ni." Ó ṣí ìwé, ó mú bírò. "Bí wọ́n bá ti lọ sóko, ẹ̀yin náà lè sọ ọ́ fún mi, sà. Kí ni wọ́n ṣe lóṣù karùn-ún tí nǹkan fi yí padà báyìí?"

Joseph rọra da férémù náà dé sórí itan rẹ̀, ó ní, "Oṣù karùn-ún ni ibà pa Elizabeth, láti ìgbà náà la kò sì tíì rí ẹni tí yóò máa ka àwọn tó ń tẹ̀ lé e."