Ọ̀rá Ara Aránṣọ

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Dókítà Àgbà máa wá, ó ti jẹ odindi búrẹ́dì kan kí aago mẹ́wàá tó lù, ìgbànú rẹ̀ kò sì kúrò lójú ihò tó wà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò máa ń bi í pé ibo ló ń kó oúnjẹ sí. Ọ̀rọ̀ sísanra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ní Dókítà Àgbà sínú.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ó sì sanra débi pé wọ́n ní láti fi irin de ẹsẹ̀ àga tó fi ń ránṣọ. Ó máa ń sọ pé òun kì í jẹun púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Dókítà Àgbà, tó ń tọ́jú rẹ̀, ní kí wọ́n ti oúnjẹ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá, tí ìyá àti Abẹ́rẹ́ ń gbé nílé rẹ̀, fi àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi okùn gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń bu oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀, ìwọ̀n tí ọmọ ọdún mẹ́fà á jẹ tí kò ní yó. Síbẹ̀, ìyá ò rù.

Lóṣù kejì, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í figbe ta pé nǹkan ń dín nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, àmọ́ ibi tó là náà ò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Dókítà kọ ọ́ sára káàdì ìyá pé: Òpùrọ́ ni obìnrin yìí. Ó ń jí oúnjẹ jẹ. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dun òun, wọ́n á ní kó lọ dín oúnjẹ kù. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kò pé àádọ́ta ọdún tó fi kú.

Wọ́n fún Abẹ́rẹ́ ní káàdì yẹn lẹ́yìn ìsìnkú. Ó kà á, ó sì búra pé Dókítà á fẹnu ara rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà lójú àwùjọ, ojú á sì tì í.

Ìdí tó fi lọ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ọ̀rá ara nìyẹn. Ó kọ́ pé ọ̀rá kì í ṣe àpò òróró tó kàn jókòó sára èèyàn. Ó ń ránṣẹ́. Àwọn ègé RNA kéékèèké, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn, tí ojú lásán ò lè rí, ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á dé ẹ̀dọ̀, wọ́n á sọ fún un bó ṣe máa ná ṣúgà àti òróró. Bí ọ̀rá èèyàn ò bá ránṣẹ́ dáadáa, ara rẹ̀ á máa tọ́jú ohun tó yẹ kó ná, díẹ̀ tó bá sì jẹ á máa sọ ọ́ di ẹni tó sanra. Abẹ́rẹ́ tú fírísà ilé ìwòsàn títí ó fi rí ègé ọ̀rá tí wọ́n gé lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó kó o mọ́ ti ogójì èèyàn míì, ó sì fún un ní nọ́ńbà mọ́kànlélógójì. Nínú gbogbo wọn, ìyẹn nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yadi pátápátá. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà bíi ti ẹni tó pọ́n ọ̀bẹ tán.

Káàdì nìkan ni ilé ìwòsàn ń fún ẹbí. Ọwọ́ dókítà tó ṣí fáìlì ni fáìlì ń wà. Abẹ́rẹ́ wá kọ̀wé sí Dókítà Àgbà, tó ti fẹ̀yìntì, pé kó wá gbọ́ èsì iṣẹ́ àwọn, kó sì mú fáìlì aránṣọ kan báyìí dání. Kò sọ ẹni tóun jẹ́.

Ó wá lóòótọ́. Ó ti darúgbó, ó ń fọ̀pá rìn, fáìlì wà ní abíyá rẹ̀. Ọgbọ̀n èèyàn ló jókòó sí yàrá ìpàdé. Abẹ́rẹ́ fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri, ó ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀.

"Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì yìí," ni Dókítà béèrè, "kí ló ń jẹ?"

"Ohun tí ẹ ní kí wọ́n máa fún un ni, sà. Ìyá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ohun tí ẹ kọ sára káàdì rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ na káàdì náà sí i, Dókítà gbà á, ó kà á.

"Ẹ tún un kà, sà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó tún un kà sókè. Ó dùn mọ́ Abẹ́rẹ́ dé eegun. Ó wù ú kí ọkùnrin náà máa kà á lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Mo jẹ̀bi ìyá rẹ, ọmọ mi," ni Dókítà wí. "Ó yẹ kí n yẹ ẹ̀dọ̀ yẹn wò."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín. Ẹ pe ìyá mi ní òpùrọ́, ẹ pè é ní olè."

"Òun ló pe ara rẹ̀ ní olè. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí mi kí n tó kọ káàdì yẹn." Ó yọ ìwé pélébé kan láti ẹ̀yìn fáìlì. "Mo rò pé o ti mọ̀."

"Kò lè kọ irú ẹ̀ láéláé."

"Wò ó fúnra rẹ."

Abẹ́rẹ́ gbà á. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Nítorí pé gbogbo ojú ń wò ó, ó kà á sókè: "Dókítà, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó má lé ọmọ mi jáde nílé. Kì í ṣe ọmọ náà. Èmi ni mò ń jí oúnjẹ jẹ. Mo jẹ bisikíìtì inú páànù, mo jẹ ṣúgà, mo lá agolo wàrà mẹ́ta gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́."

Abẹ́rẹ́ ká ìwé náà pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó tún un kà, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀, lọ́sàn-án lọ́sàn-án, nígbàkigbà tó bá ti ilé ìwé dé tí ebi sì ń pa á.